Fọ́tò láti òkè níbi tí ọwọ́ kò tó: monopod ni kí n rà àbí drone?

ỌmọẸnuwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ti pẹ́ nídìí kámẹ́rà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, òde àríyá ni mo sì ti ń ya fọ́tò jù. Ẹgbẹ́ ọmọ ilé wa fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ìlú, èmi ni wọ́n ní kí n ya fọ́tò inú rẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n kọ fún mi, mẹ́ta ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé e gbà.

Àkọ́kọ́ ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Wọ́n fẹ́ kó hàn láti ìdí dé orí, kó dúró ṣánṣán, kí àwọn irin tí wọ́n gbá mọ́ ọn lára sì hàn kedere. Bí mo bá dúró nílẹ̀ tí mo gbé kámẹ́rà wòkè, orí rẹ̀ á tínrín, á sì jọ pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ìkejì ni ilẹ̀ àpáàdì àtijọ́. Òkè gangan ni wọ́n ní kí n ti yà á, kí ọnà tí wọ́n fi àpáàdì ṣe lè hàn. Ìkẹta ni èrò Ẹnuwá, iwájú ààfin, lọ́jọ́ ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni bá dé adé Àrè jáde. Níbi tí mo máa ń rí dúró sí, ẹ̀yìn orí èèyàn àti fóònù tí wọ́n nà sókè nìkan ni kámẹ́rà mi ń rí.

Mo ti gbìyànjú àga, kò tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra drone tó ń fò, òmíràn ní monopod lásán, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé lórí, ti tó mi. Kámẹ́rà mi kì í ṣe full frame, irú tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi, lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá a wá ni mo ń lò. Ó ní Wi-Fi, àmọ́ ojú ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí síta. Kí lẹ rí sí i?

Bàbáoníkámẹ́rà

Ọmọ mi, o káàbọ̀. Mi ò ní bú drone, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń mú jáde nínú báàgì kó fi sókè. Àṣẹ wà láti gbà lọ́wọ́ NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ìwé sì wà láti gbà lọ́dọ̀ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ká tiẹ̀ ní o gba gbogbo ìyẹn, èrò Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́ kì í ṣe ibi tí o fẹ́ kí bátìrì ti kú lókè, torí orí ọmọ ọlọ́mọ ló máa já lé.

Nínú nǹkan mẹ́ta tí o kà yìí, kò sí èyí tí monopod kò lè ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, torí òun ló ń dùn mọ́ mi jù. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 5 àbọ̀. Kì í ṣe gíga yẹn ló ń jẹ́ kí orí rẹ̀ tínrín nínú fọ́tò rẹ. Kámẹ́rà tí o dà sẹ́yìn ló fà á. Ìgbàkigbà tí kámẹ́rà bá ń wòkè, gbogbo ohun tó dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ á máa sún mọ́ ara wọn lókè. Bí ojú kámẹ́rà bá dúró ṣánṣán, tí kò wòkè tí kò wolẹ̀, òkúta náà á dúró bó ṣe dúró gan-an.

Kí wá ni kò jẹ́ ká lè mú kámẹ́rà dúró ṣánṣán? Nítorí pé bí o bá mú un dúró bẹ́ẹ̀ níwájú orí rẹ, ilẹ̀ ló máa gba ìdajì fọ́tò, orí òkúta á sì ti gé kúrò. Àmọ́ bí o bá gbé kámẹ́rà dé ìdajì gíga òkúta náà, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.75, ìsàlẹ̀ àti òkè á wọlé dọ́gbadọ́gba láìjẹ́ pé o dà á síbì kan. Mítà 2.75 kò le. Monopod tó gùn tó mítà 1 àbọ̀, tí o gbé ìdí rẹ̀ dé ibi ìgbànú rẹ tàbí sókè díẹ̀, ti dé ibẹ̀. Dá kámẹ́rà dúró lóòró, fi lẹ́ǹsì rẹ sí 18mm, níbi tó ti ń rí gbòòrò jù, kí o dúró ní nǹkan bíi mítà 5 sí 6 sí òkúta náà. Gbogbo rẹ̀ á wọlé, àyè díẹ̀ á sì ṣẹ́kù lókè àti nísàlẹ̀.

Àwọn kan á ní kí o yà á bó ṣe wà, kí o lọ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kọ̀ǹpútà á fa òkè fọ́tò náà gbòòrò, ibi tó fà yẹn kò sì ní hàn kedere mọ́. Òkè yẹn sì wà lára ohun tí o fẹ́ kó hàn. Èmi fara mọ́ kí a yà á dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÀṣàkẹAláwòrán

Ẹ ṣeun Bàbá. Àbúrò, mo wà ní Lágere, òde ìyàwó ni iṣẹ́ tèmi, monopod kì í sì í kúrò nínú mọ́tò mi. Fọ́tò tí wọ́n bá ti yí ìyàwó ká, tí wọ́n ń náwó fún un, láti òkè, tí gèlè gbogbo wọn pa agbo, tí owó wà káàkiri ilẹ̀, òun ni àwọn ẹbí máa ń kọ́kọ́ mú nínú álíbọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹrù ìyàwó tí wọ́n tò sílẹ̀. Bí o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, apẹ̀rẹ̀ iwájú á bo ti ẹ̀yìn. Láti òkè, isu, igò oyin, obì, àpótí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn.

Ọ̀pá sẹ́lífì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì kọ́ ni kí o lọ rà. Fóònù nìyẹn lè gbé, kì í ṣe kámẹ́rà. Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, na monopod náà tán pátápátá, ti gbogbo oríkèé rẹ̀ pa, kí o gbé ìdí rẹ̀ kalẹ̀, kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí oríkèé kan bá rá wọlé, má rà á, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún ọ. Oríkèé tó ń rá nílẹ̀ á rá lókè, orí ẹlòmíràn ni kámẹ́rà á sì já lé.

Ra ball head kékeré mọ́ ọn, ìyẹn orí tó ń yí bíi bọ́ọ̀lù tí kámẹ́rà ń jókòó lé. Láìsí i, bí o bá ṣe da ọ̀pá ni kámẹ́rà á ṣe dà, o kò ní lè darí rẹ̀. Wo síkúrù orí monopod náà dáadáa. Méjì ló wà, ti 1/4 ínṣì tó ń wọ ìdí kámẹ́rà, àti ti 3/8 ínṣì tó nípọn jù ú lọ, tó sábà máa ń wọ ìdí ball head. Ọ̀pọ̀ monopod ní síkúrù olórí méjì tí o lè yí padà. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́ kí o tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ńkọ́? Kámẹ́rà tí kò wúwo lọ́wọ́ á wúwo gan-an bó bá wà ní orí ọ̀pá tí o nà síwájú. Bí ọ̀pá bá dúró ṣánṣán, ó fúyẹ́. Bó bá ṣe ń dà síwájú ló ń wúwo sí i. Nítorí náà fi ìdí rẹ̀ ti egungun ìbàdí tàbí ìgbànú, mú un nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí o na ọwọ́ kejì sókè lára rẹ̀ débi tó bá lè dé. Apá kì í rẹ̀ mí báyìí. Okùn kámẹ́rà, má jẹ́ kó máa fì lókè. Wé e mọ́ ọ̀pá náà kí o so ó pinpin, kó jẹ́ pé bí síkúrù bá tú, okùn á gbà á.

ỌmọẸnuwá

Ẹ ṣeun gan-an sà, ẹ ṣeun mà. Ọ̀rọ̀ ìdajì gíga yẹn yé mi yékéyéké, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ìbéèrè mi ni pé bí kámẹ́rà bá ti wà lókè, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń rí? Báwo ni mo sì ṣe máa tẹ̀ ẹ́?

Fókọ́ọ̀sìDídán

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Kí n tó dáhùn rẹ̀, ohun kan wà tó ṣáájú. Kò yẹ kí kámẹ́rà ní ìpinnu kankan láti ṣe nígbà tó bá ti wà lókè. Gbogbo rẹ̀ ni kó ti parí nílẹ̀.

Fi lẹ́ǹsì sí 18mm, fi aperture, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì, sí f/8. Fókọ́ọ̀sì sára ohun kan tó wà ní nǹkan bíi mítà 2 lé díẹ̀ sí ọ. Lẹ́yìn náà pa autofocus, kí kámẹ́rà má baà máa wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ mọ́. Lórí irú kámẹ́rà tí ẹ ní, láti bíi mítà 1 lé díẹ̀ lọ títí dé ibi tí ojú kò dé, gbogbo rẹ̀ á hàn kedere. Bí ẹ bá fi autofocus sílẹ̀, ewé kan tàbí ọwọ́ ẹnì kan á kọjá níwájú rẹ̀, á di ìyẹn mú, èrò tó kù kò sì ní hàn kedere.

Shutter speed, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó sì pa dé, ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, 1/500. Orí ọ̀pá máa ń mì ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọwọ́ yín nísàlẹ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, máa yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi òdiwọ̀n sí i, bíi 3200. Ohun kékeré kan tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé lẹ́ǹsì 18-55mm míì wà tó jẹ́ pé bó bá ti wolẹ̀, ara rẹ̀ á yọ́ síwájú fúnra rẹ̀. Ẹ fi téèpù díẹ̀ dè é mọ́ 18mm.

Ó di títẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, bíi nídìí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn láàárọ̀, ẹ lo áàpù kámẹ́rà lórí fóònù. Ẹ ó rí ohun tó ń rí, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Nínú èrò Ọlọ́jọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Fóònù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbì kan, gbogbo wọn ló ń du afẹ́fẹ́ kan náà, àwòrán á máa dé sórí fóònù yín lẹ́yìn tí ohun tí ẹ fẹ́ yà ti kọjá. Níbẹ̀, ẹ wá interval timer nínú mẹ́nù kámẹ́rà. Ẹ fi í sí kó máa ya ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ẹ gbé e sókè, ẹ rọra máa yí i láti òsì sí ọ̀tún. Bí kámẹ́rà yín kò bá ní i, táímà ìṣẹ́jú àáyá 10 wà lórí gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ sì lè ya fọ́tò bíi mélòó kan tẹ̀ léra wọn lẹ́yìn tó bá ti kà á tán.

ÀṣàkẹAláwòrán

Òótọ́ ni ti Wi-Fi yẹn. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n bá ti pé, áàpù mi máa ń dì pa. Rìmóòtù kékeré tó ń lo rédíò, tí wọ́n ń fi sórí kámẹ́rà, ló ń gbà mí. Kò fi àwòrán hàn mí, ṣùgbọ́n mo ń tẹ̀ ẹ́ ní àkókò tí mo fẹ́ gan-an.

Oníṣẹ́Iná

Mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà mí, torí kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu kan wáyà.

Iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ni iṣẹ́ mi. Aluminium ń gbé iná. Carbon tí wọ́n fi ń ṣe monopod olówó gọbọi, òun náà ń gbé iná, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí. Wáyà tó wà lórí òpó ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa jẹ́ 415 volt, èyí tó sì wà lókè rẹ̀ lójú títì ńlá jẹ́ 11,000 tàbí 33,000. Ti ńlá yìí, kò di ìgbà tí ọ̀pá bá fi ara kàn án kó tó fò bá ọ. Bó bá sún mọ́ ọn jù, iná á fo àyè tó wà láàárín.

Ẹni tó ga, tó na ọwọ́ sókè, tó sì mú monopod mítà 1 àbọ̀ dání, ó ti lé ní mítà 3 àbọ̀. Ní àdúgbò míì tí òpó ti dà, wáyà kò ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Kí ẹ tó na ọ̀pá rárá, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ibi tí wáyà gbà, ẹ sì jìnnà sí i ju mítà 3 lọ. Kì í ṣe mítà 3 láti ibi tí ẹ dúró sí o. Láti ibi tí orí ọ̀pá lè dé bí ẹnikẹ́ni bá ti ẹ̀yìn gbún yín ni. Bí iná kò bá sí, ẹ kà á sí pé ó wà, torí ó lè dé nígbàkigbà. Ẹ má sọ pé igi ni ẹ máa lò. Igi tútù ń gbé iná, ìrì àárọ̀ sì ti tó láti sọ igi gbígbẹ di tútù.

ỌmọẸnuwá

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo máa lọ wo ojú ọ̀nà náà ṣáájú ọjọ́ yẹn, kí n mọ ibi tí wáyà kò sí rárá kí n tó yan ibi tí mo máa dúró.

ÌyáÌrémọ

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú làákàyè. Èmi kì í ya fọ́tò, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa Ọlọ́jọ́. Ọdún ni, kì í ṣe òde àríyá. Àwọn àgbà tó dúró láti àárọ̀ kí wọ́n lè fojú kan ọba wọn, irin kámẹ́rà ni wọ́n ń rí báyìí. Bí ẹnì kan bá na ọ̀pá, ogún á nà án. Ibì kan sì wà, bíi àyíká Òkè-Mògún, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe fún gbogbo ojú. Ẹ má fi ọ̀pá wo ohun tí wọ́n fi ògiri pamọ́ fún yín.

Bàbáoníkámẹ́rà

Ìyá wa, ẹ pẹ́ fún wa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, kò sì yẹ ká fi í ṣeré.

Ọmọ mi, ohun tí ìyá wí yìí ló yẹ kó darí ibi tí o máa dúró. Má dúró níwájú. Ẹ̀yìn èrò ni àyè monopod, níbi ògiri tàbí ara òpó ilé kan, kó má baà sí ẹni tí o dí lójú lẹ́yìn rẹ. Gbé e sókè nígbà tí ohun tí o ń dúró dè bá dé, yà á, sọ ọ́ kalẹ̀. Fọ́tò láti ẹ̀yìn èrò tiẹ̀ dára jù fún ìwé yín, torí èrò náà á wà nínú rẹ̀. Orí, fìlà, gèlè, ọwọ́ tí wọ́n nà sókè, lẹ́yìn náà adé níwájú. Ẹni tó sún mọ́ adé jù kì í rí ìlú mọ́. Kí ọdún tó dé, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín lọ bá àwọn ìjòyè tó yẹ, kí wọ́n sọ ibi tí o lè dúró àti ibi tí o kò gbọdọ̀ gbé kámẹ́rà sí. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Àpáàdì

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àpáàdì, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà n'Ífẹ̀, àwa gan-an tí a ń rìn kọjá lára rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: àwọn baba ńlá wa kò fi àpáàdì lélẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Etí ni wọ́n fi tò ó, wọ́n gún un wọlẹ̀ lóòró, kí etí rẹ̀ nìkan kọjú sókè. Ìlà kan á dà sápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á dà sápá òsì, ibòmíràn á ní òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ funfun láàárín rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Lúwoo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀. Ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ agboolé títí dòní. Ìta Yemòó, níbi tí wọ́n ti hú àwọn ère idẹ jáde lọ́dún 1957, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí o ti lè rí i.

Bí o bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, ìlà tó wà nítòsí á tóbi, ti ọ̀hún á kéré, ọnà náà á dàrú. Òkè gangan nìkan ló ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn. Níbi tí wọ́n bá sì fi òrùlé bò ó, kí drone fò lábẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ ká dán wò. Monopod ló lè wọ ibẹ̀.

Dúró sí etí rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́. Na ọ̀pá síwájú kí kámẹ́rà wà lókè ilẹ̀ náà, kì í ṣe lókè orí rẹ, kí o da ball head títí kámẹ́rà á fi wolẹ̀ tààrà. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà 2 àbọ̀ sókè, tí lẹ́ǹsì rẹ wà ní 18mm, ilẹ̀ tó máa wọlé á gùn tó nǹkan bíi mítà 3.2, á sì fẹ̀ tó mítà 2.1. Bí ilẹ̀ náà bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, máa sún ẹsẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gorí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà á lè so gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀kan lẹ́yìn náà. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Meshroom wà fún irú iṣẹ́ yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Bí ibẹ̀ bá wà níta gbangba, lọ láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Etí àpáàdì kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ojú kà wọ́n. Lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ pupa pẹrẹsẹ lásán ni wàá rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà ní àtàrí wa lọ́sàn-án ní Ifẹ̀, òjìji kámẹ́rà àti ọ̀pá á wá bọ́ sí àárín fọ́tò.

Fi rula sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bí àpáàdì náà ṣe tóbi tó. Má da omi sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi kò dùn sí i. Iwájú ilé ọba ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ wà. Lọ bá wọn níbẹ̀ gba àṣẹ kí o tó gbé kámẹ́rà wọ Ìta Yemòó. Bó bá sì jẹ́ ti inú agboolé kan, baálé ibẹ̀ ni kí o bá sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀Kòkó_Iléṣà

Ẹ kú àsọyé o. Láti Iléṣà ni mo ti ń kí yín. Ẹ̀yin ń sọ ti ọdún àti ti òkúta, oko kòkó ni èmi ti ń lo irú nǹkan yìí.

Igi kòkó wa míì ti dàgbà, ó ga ju ohun tí ojú lè rí òkè rẹ̀ láti ilẹ̀. Nǹkan méjì ló ń bà wá jẹ́ lókè yẹn. Àfòmọ́ ni ọ̀kan, tí ẹyẹ ń gbin èso rẹ̀ sára ẹ̀ka, tó sì ń mu oje igi. Bí o bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ewé ni, ewé kòkó sì bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú nígbà òjò. Èso kan tó bá ti rà lókè, bí òjò bá ti ń rọ̀, á máa ta àrùn náà sára àwọn tó wà nísàlẹ̀. O lè máa já èyí tí o rí nísàlẹ̀ kúrò lójoojúmọ́, nígbà tí èyí tó ń fà á wà lókè níbi tí o kò rí.

Mo mú ohun tí wọ́n fi ń di fóònù mú lórí ọ̀pá sẹ́lífì, mo so ó mọ́ orí gọ̀ngọ̀ tí a fi ń já kòkó. Fóònù fúyẹ́, gọ̀ngọ̀ sì gùn ju monopod ṣọ́ọ̀bù lọ. Kì í ṣe fọ́tò ni mo ń yà. Mo máa tẹ fídíò nílẹ̀, máa gbé e wọ àárín ẹ̀ka, máa rọra yí i ká, máa sọ ọ́ kalẹ̀. Lábẹ́ igi níbẹ̀ ni mo ti máa wò ó, mo lè dá a dúró níbikíbi. Ọmọ tó máa gun igi ti mọ ẹ̀ka tó ń lọ kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Tẹ́lẹ̀, ó ní láti gun gbogbo wọn.

Ẹ fi nǹkan rírọ̀ wé ẹ̀yìn fóònù o. Ẹ̀ka kòkó máa ń ha nǹkan. Ẹ wo èèrà pẹ̀lú kí ẹ tó gbé e wọlé.

Bàbáoníkámẹ́rà

Ọmọ Obòkun, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ fídíò yìí, ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ kò ní interval timer lè lò ó náà, kó yọ fọ́tò kan nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò ní dán tó fọ́tò gidi fún ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n fún fóònù ó tó.

ẸyẹẸ̀gà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ẹyẹ ni èmi ń yà. Ìtẹ́ ẹ̀gà tó rọ̀ sí imọ̀ ọ̀pẹ, ṣé mo lè gbé monopod dé ẹnu rẹ̀ kí n ya ọmọ inú rẹ̀?

Àpáàdì

O lè dé ibẹ̀, àmọ́ jọ̀ọ́ má ṣe é. Bí ọ̀pá bá ń wọ ẹnu ìtẹ́, ìyá lè kọ̀ láti padà wá, ọmọ tó ti gùn díẹ̀ sì lè fò jáde kí apá rẹ̀ tó ní agbára. Jìnnà sí i, kí o lo lẹ́ǹsì gígùn. Bí o bá fẹ́ lo monopod fún ẹyẹ, lò ó nísàlẹ̀. Dorí rẹ̀ kodò, kí kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí o mú ọ̀pá lókè. Ẹyẹ tó ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀ á wà ní ojú kan náà pẹ̀lú lẹ́ǹsì, ìwọ kò sì ní láti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Olú tó hù nínú igbó, ẹsẹ̀ onílù níbi ijó, gbogbo rẹ̀ ló dára láti ibẹ̀.

ỌmọẸnuwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ra monopod náà, aluminium ni, ó gùn ní mítà 1.6. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mítà 2.75 sára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì fi kọ́ bí mo ṣe máa gbé e dúró níbẹ̀ láìwo òkè.

Mo lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ wo wáyà bí ẹ ṣe wí. Mo ra lẹ́bẹ́ẹ̀lì kékeré, irú èyí tí bíríkìlà ń lò àmọ́ tó wọ ibi tí wọ́n ń fi fíláàṣì sí lórí kámẹ́rà, mo sì mú kámẹ́rà dúró ṣánṣán lórí ball head kí n tó gbé e sókè. Fọ́tò tó jáde, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Òkúta náà dúró, ìdí rẹ̀ àti orí rẹ̀ dọ́gba sí bí ojú ṣe mọ̀ ọ́n. Oòrùn gba ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀, irin kọ̀ọ̀kan sì ta òjìji kékeré sápá kejì, débi pé èèyàn lè fi ìka tọ bí wọ́n ṣe to wọ́n. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wò ó pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní láti kékeré lòun ti ń rí òkúta yìí, òun kò sì tíì rí òkè rẹ̀ báyìí rí.

Ìbéèrè méjì ló kù. Oríkèé kejì monopod náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rá díẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, kò rá nígbà yẹn. Wọ́n sì tún ti fi ère Mọremí kún un. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Bàbáoníkámẹ́rà

O ṣe dáadáa gan-an, ọmọ mi. Inú mi dùn.

Ère Mọremí kì í ṣe iṣẹ́ monopod. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni wọ́n kọ́ ọ sí lọ́dún 2016, ìdajì rẹ̀ ti ju mítà 6 lọ. Ọ̀pá tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ á lágbára jù ọ́ lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa darí rẹ̀. Fún èyí, ẹ̀yìn ni kí o padà sí. Yá lẹ́ǹsì tó gùn, lọ jìnnà débi tí àyè bá gbà ọ́, kí o yà á láti ibẹ̀. Bí o ṣe ń jìnnà sí i ni ìwọ̀n tí o máa da kámẹ́rà á máa dínkù, ère náà á sì máa tọ́ sí i. Bí o bá rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò náà tí onílé gbà ọ́ láyè, gun òkè rẹ̀.

ÀṣàkẹAláwòrán

Oríkèé tó ń rá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyanrìn tàbí ọ̀rá ọwọ́ ló wọ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lọ́, tú u pátápátá, fi aṣọ gbígbẹ nu ike inú rẹ̀, má fi òróró sí i rárá. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ẹnu tí wọ́n ń tì pa, síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fún. Má gbé kámẹ́rà sórí rẹ̀ títí yóò fi dára. Mú un wá sí Lágere lọ́jọ́ Sátidé kí o tó lọ sí Ìta Yemòó, mo ní kọ́kọ́rọ́ síkúrù tó wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.